Gbólóhùn Kan Tó Lẹ́rìí: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Fẹ́ Bẹ̀rẹ̀ Àtúnṣe Lórí Wikipedia Èdè Yorùbá

Ẹni tó ń gbé Èkó, tó sì gbọ́ Yorùbá yékéyéké, ti ní púpọ̀ nínú ohun tí Wikipedia èdè Yorùbá ń wá. Ó mọ ìlú, ó mọ èdè. Ohun tó kù ni kó lè tọ́ka síbi tó ti rí ohun tó kọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò pé iṣẹ́ àwọn tó mọ kọ̀ǹpútà ni, pé ẹni tí kò kọ́ kóòdù kò lè dá sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹni tó bá lè fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp lè mọ àwọn bọ́tìnnì ibẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ kan tó ṣú. Ẹ̀rí wíwá ló gba sùúrù, òun náà ni màá pẹ́ lé lórí jù níbí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ilé tí à ń wọ̀. Ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2001 ni Jimmy Wales àti Larry Sanger dá Wikipedia, ìwé ìmọ̀ ọ̀fẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, sílẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ wà, àwọn èdè yòókù tẹ̀lé e, tiwa sì wà ní yo.wikipedia.org. Àjọ Wikimedia Foundation, tí kì í ṣòwò jèrè, ló ń bójú tó àwọn ẹ̀rọ tó gbé e ró. Àwọn tó ń kọ ọ́ kì í gbowó: akẹ́kọ̀ọ́ wà níbẹ̀, olùkọ́ wà níbẹ̀, ẹni tó ti fẹ̀yìntì wà níbẹ̀. Kò sí ọ̀gá kan tó jókòó sí ọ́fíìsì tó ní láti fọwọ́ sí i kí ọ̀rọ̀ yín tó jáde. Bí ẹ bá ti tẹ bọ́tìnnì, gbogbo ayé ti rí i nìyẹn, ẹnikẹ́ni sì lè tún un ṣe lẹ́yìn yín. Nítorí pé ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ tó báyìí ni òfin ẹ̀rí fi le.

Ẹ ṣí àkáǹtì láti ilé

Ẹ lè ṣàtúnṣe láì ní àkáǹtì, ṣùgbọ́n mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ní àkáǹtì, gbogbo iṣẹ́ yín á wà lábẹ́ orúkọ kan, àwọn ẹlòmíràn á ríbi bá yín sọ̀rọ̀, ẹ ó sì lè máa ṣọ́ àwọn ojú-ewé tí ẹ ti fọwọ́ kàn. Kò pọn dandan kó jẹ́ orúkọ àbísọ yín. Kó má ṣáà jẹ́ orúkọ ṣọ́ọ̀bù, ilé-iṣẹ́ tàbí ìjọ yín; èèyàn ló ń ní àkáǹtì níbẹ̀, ilé-iṣẹ́ kọ́. Ẹ rí i pé ẹ fi ìmeèlì sí i. Wọn kò sọ ọ́ di dandan, àmọ́ ọjọ́ tí ẹ bá gbàgbé páásìwọọ̀dù, ìmeèlì yẹn ni wọ́n máa fi ọ̀nà àbáwọlé ránṣẹ́ sí. Àkáǹtì kan náà ni ẹ ó fi wọ Wikipedia ní èdè gbogbo, òun náà ni ẹ ó fi wọ Wikimedia Commons, níbi tí àwọn àwòrán wà.

Ohun méjì ló máa ń dá àwa ará Èkó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àkọ́kọ́ ni dátà orí fóònù. Àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù máa ń pín àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì kan fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Bí ọmọ ìta kan bá lọ ba nǹkan jẹ́ lórí Wikipedia láti àdírẹ́sì yẹn, tí wọ́n sì dí i, ẹ̀yin tí ẹ kò mọwọ́ kò mẹsẹ̀ lè ṣí ojú-ewé kí ẹ rí i pé wọ́n ní àyè kò sí fún yín. Ẹ má ṣe rò pé ẹ ti ṣẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ ka ìkìlọ̀ náà. Nígbà púpọ̀, ẹni tí kò ní àkáǹtì nìkan ni ó ń bá wí, bí ẹ bá sì ti wọlé pẹ̀lú orúkọ yín, ó parí. Bí kò bá parí, ẹ lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn, tàbí kí ẹ tẹ̀lé ọ̀nà ẹ̀bẹ̀ tí wọ́n kọ sínú ìkìlọ̀ yẹn. Bí ẹ bá ń lo VPN, ẹ pa á, torí wọ́n ti dí èyí tó pọ̀ nínú wọn.

Èkejì kan àwọn tó fẹ́ péjọ kọ́ iṣẹ́ yìí pọ̀, bóyá ní Yábàá, ní Àkọkà tàbí nínú yàrá ìpàdé kan ní Èbúté Mẹ́ta. Àkáǹtì mẹ́fà péré ni wọ́n ń gbà kí a ṣí láti orí àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì kan lóòjọ́. Bí ogún èèyàn bá pé jọ sídìí Wi-Fi kan ṣoṣo, ẹnì keje á bẹ̀rẹ̀ sí í rí àṣìṣe, ìpàdé á sì dà rú. Kí kálukú ti ṣí tirẹ̀ láti ilé kí ọjọ́ tó pé.

Ibi ìdánrawò

Ẹ má ṣe lọ dán ọwọ́ wò lórí ojú-ewé tí àwọn èèyàn ń kà. Ẹ kọ èyí sínú àpótí ìṣàwárí: Oníṣe:, kí orúkọ àkáǹtì yín tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà àmì / àti ọ̀rọ̀ náà ìdánrawò. Ẹ̀rọ á ní kò sí ojú-ewé bẹ́ẹ̀, á sì bi yín bóyá ẹ fẹ́ ṣẹ̀dá rẹ̀. Ẹ ṣẹ̀dá rẹ̀. Ibẹ̀ di tiyín, ẹ kọ ohun tó bá wù yín, ẹ pa á rẹ́, ẹ tún un kọ.

Ọ̀nà méjì ló wà láti kọ nǹkan níbẹ̀. Ọ̀kan fi ojú-ewé hàn yín bí òǹkàwé ṣe máa rí i. Ìkejì fi àwọn àmì tó wà lábẹ́ rẹ̀ hàn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àkọ́kọ́, àmọ́ ẹ mọ àwọn àmì wọ̀nyí, torí ọjọ́ kan á jọ́kan tí ojú-ewé kan á dàrú tó jẹ́ pé àmì nìkan ló lè tún un ṣe:

'''Èkó''' máa ń mú kí ọ̀rọ̀ náà dúdú kirikiri.
[[Ìkòròdú]] ń so ọ̀rọ̀ náà mọ́ ojú-ewé tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. [[Èkó|ìlú náà]] ń ṣe iṣẹ́ kan náà, àmọ́ "ìlú náà" ni òǹkàwé máa rí.
== Ìtàn == ń ṣe àkọlé kékeré.
<ref> àti </ref>, àárín wọn ni ẹ máa kọ ẹ̀rí yín sí.
~~~~ ń fi orúkọ yín àti àsìkò sí ìdí ọ̀rọ̀. Ojú-ewé ìjíròrò, níbi tí àwọn tó ń kọ ọ́ ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, nìkan ni ẹ máa lò ó sí, ẹ má lò ó nínú àyọkà.

Ọ̀rọ̀ àmì ohùn ṣe pàtàkì ju bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe máa ń rò lọ. Lójú ẹ̀rọ, Èkó àti Eko kì í ṣe orúkọ kan náà. Bí ẹ bá kọ [[Eko]], tí ojú-ewé sì ń jẹ́ Èkó, líǹkì yín lè yọ pupa, ìyẹn ni pé kò ríbi lọ. Ẹ fi Yorùbá kún àwọn èdè inú kíbọ́ọ̀dù fóònù yín. Gboard ní i. Ẹ tẹ ìka mọ́ lẹ́tà títí àwọn àmì á fi yọjú. Ó máa ń lọ́ra lákọ̀ọ́kọ́, ọwọ́ á mọ́ ọn bó bá yá. Bí ẹ bá ṣẹ̀dá ojú-ewé tó ní àmì tó pé lórí orúkọ rẹ̀, ẹ tún ṣẹ̀dá èyí tí kò ní àmì, kí ẹ sì kọ #REDIRECT [[Èkó]] sínú rẹ̀, kí ẹni tí kò ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá náà lè débẹ̀.

Àtúnṣe àkọ́kọ́: ẹ tún ohun tó wà nílẹ̀ ṣe

Gbogbo ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀ ló fẹ́ dá ojú-ewé tuntun sílẹ̀. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Ẹ wá ojú-ewé kan tó wà nílẹ̀ nípa ohun tí ẹ mọ̀, kí ẹ sì tún gbólóhùn kan ṣe nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ní ẹ rí i níbì kan tí wọ́n ti pe Herbert Macaulay ní ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Àṣìṣe ni, irú rẹ̀ sì wọ́pọ̀ lẹ́nu èèyàn. Abigail, ọmọ Crowther, ni ìyá Macaulay. Ọmọọmọ Bíṣọ́ọ̀bù ni ọkùnrin náà. Báyìí ni ẹ ṣe máa tún un ṣe.

Ẹ kọ́kọ́ ka ojú-ewé náà láti òkè délẹ̀. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ti sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ nísàlẹ̀, tí òkè nìkan ṣì wà bẹ́ẹ̀. Ẹ tẹ Àtúnṣe, tàbí àwòrán pẹ́ńsù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkọlé bó bá jẹ́ fóònù ni ẹ fi ń ṣe é. Ẹ yí "ọmọ" padà sí "ọmọọmọ". Ẹ má fọwọ́ kan ìyókù, kódà bí ó bá wù yín. Bí ẹ bá ṣe nǹkan mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan, tí ẹnì kan sì rí àṣìṣe nínú ọ̀kan, ó lè dá mẹ́wẹ̀ẹ̀wá padà pọ̀. Ẹ wá fi ẹ̀rí sí ẹ̀yìn gbólóhùn náà gan-an: orúkọ ẹni tó kọ ìwé, àkọlé rẹ̀, ilé ìtẹ̀wé, ọdún, àti ojú-ewé tí ọ̀rọ̀ náà wà.

Àpótí kékeré kan á yọ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde, tó ń béèrè ohun tí ẹ ṣe. Ẹ má fò ó. Ẹ kọ ọ́ ṣókí: "Ọmọọmọ Crowther ni Macaulay, kì í ṣe ọmọ rẹ̀, mo fi ìwé tó sọ ọ́ sí i." Ẹni tó ń ṣọ́ ojú-ewé náà á kà á, á yé e, á sì lọ. Àtúnṣe tí kò ní àlàyé máa ń mú kí àwọn àgbà ibẹ̀ fura. Ẹ wo bí ó ṣe máa rí, ẹ ka àwọn àmì ohùn lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ẹ ṣe irú èyí fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ tún àmì ohùn ṣe, ẹ fi líǹkì sí orúkọ ìlú, ẹ wá ẹ̀rí fún gbólóhùn tí kò ní. Iṣẹ́ gidi ni.

Ẹ̀rí

Bí nǹkan bá jẹ́ òótọ́, tí ó sì dá yín lójú, ìyẹn nìkan kò tíì tó. Ohun tí Wikipedia ń béèrè ni pé ṣé ẹnì kan ní Kánò tàbí ní Brazil, tí kò mọ̀ yín rí, lè yẹ ohun tí ẹ kọ wò kó sì rí i pé bẹ́ẹ̀ ni. Ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó ti ń kọsẹ̀ rèé. Ìyá àgbà tó dàgbà ní Òkè Pópó lè mọ ìtàn àdúgbò rẹ̀ ju ọ̀jọ̀gbọ́n lọ, ohùn rẹ̀ sì yẹ kí á gbà sílẹ̀ kó tó lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ "ìyá àgbà mi ló sọ bẹ́ẹ̀", kò sí ẹni tó lè lọ bá a yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ lo ọ̀rọ̀ ìyá láti mọ ibi tí ẹ máa wá: ọdún tó dárúkọ, ilé tó dárúkọ, òpópónà tó dárúkọ. Ẹ wá lọ wá a nínú ohun tí a tẹ̀.

Èkó kò dá ẹni tó ń wá ẹ̀rí dá. Yàrá ìkàwé ìjọba àpapọ̀, National Library, ní ẹ̀ka lójú ọ̀nà Herbert Macaulay ní Yábàá. Yàrá ìkàwé Yunifásítì Èkó wà ní Àkọkà; bí ẹ kì í bá ṣe akẹ́kọ̀ọ́ wọn, ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àlejò kí ẹ tó wọkọ̀. Ní Erékùṣù, Oníkàn ní Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé ti ìjọba àpapọ̀, kò sì jìnnà sí John Randle Centre tó ń sọ ìtàn àti àṣà Yorùbá. Ohun tí wọ́n kọ sí ara gíláàsì níbẹ̀ kúrú, àmọ́ ó máa ń dárúkọ ọdún àti èèyàn tí ẹ lè gbé lọ sí yàrá ìkàwé. Ẹ̀rí kò ní láti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sì ní láti jẹ́ Yorùbá. Ìwé bébà tí ó ní nọ́ńbà ojú-ewé dára ju líǹkì mẹ́ta tó ń da ara wọn kọ lọ.

Èwo ló lágbára, èwo ni kò ní? Ìwé tí òpìtàn kọ, tí ilé ìtẹ̀wé tó ní olóòtú gbé jáde, lágbára. Ìwé ìròyìn bíi Punch, Vanguard, The Guardian tàbí Aláròyé lágbára fún ìṣẹ̀lẹ̀ tí akọ̀ròyìn wọn lọ fojú rí. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ káàkiri lórí WhatsApp kò lágbára, bẹ́ẹ̀ náà ni Facebook àti bùlọ́ọ̀gù tí kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó kọ ọ́. Wẹ́bùsáìtì ilé-iṣẹ́ lè sọ ọdún tí wọ́n dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ má fi jẹ́rìí pé ilé-iṣẹ́ náà ló dára jù. Ìwé ètò ìsìnkú, tí ó kún fún ìtàn ìdílé, ló máa ń dun àwọn èèyàn jù nígbà tí mo bá ní kí wọ́n fi sílẹ̀. Ẹbí ló kọ ọ́, ìyìn sì ni wọ́n kọ ọ́ fún. Ẹ lò ó bí ẹ ṣe lo ọ̀rọ̀ ìyá àgbà.

Nínú ìwé ìròyìn pàápàá, ẹ la ojú. Àwọn ìròyìn kan wà tó jẹ́ pé ẹni tí wọ́n ń kọ nípa rẹ̀ ló fi wọ́n ránṣẹ́. Ẹ máa dá wọn mọ̀: kò sí orúkọ akọ̀ròyìn lórí wọn, ìyìn ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹ ó sì rí ọ̀rọ̀ kan náà, láìyẹ̀, nínú ìwé ìròyìn mẹ́ta. Irú èyí kò jẹ́rìí sí ohunkóhun.

Wikipedia èdè Gẹ̀ẹ́sì náà kì í ṣe ẹ̀rí fún Wikipedia èdè Yorùbá. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìdí ojú-ewé Gẹ̀ẹ́sì náà, ẹ wo ìwé tí wọ́n tọ́ka sí, ẹ ṣí i, ẹ kà á fúnra yín. Bí ẹ kò bá kà á, ẹ má kọ ọ́ bíi pé ẹ kà á.

Ẹ jẹ́ ká wo gbólóhùn kan fínnífínní:

"CMS Grammar School ni ilé-ẹ̀kọ́ girama àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ọjọ́ 6 oṣù Òkúdù ọdún 1859 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní Èkó, Thomas Babington Macaulay ni ọ̀gá àkọ́kọ́ níbẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ náà sì ti mú ọ̀pọ̀ èèyàn jàǹkàn-jàǹkàn jáde."

Ohun mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Pé òun ni àkọ́kọ́, ọjọ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀, àti ẹni tó jẹ́ ọ̀gá: mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni a lè yẹ̀ wò, kálukú sì gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí tó sọ ọ́. Bí ìwé tó wà lọ́wọ́ yín bá sọ ọjọ́ nìkan, ẹ̀yìn ọjọ́ ni ẹ máa fi í sí, kì í ṣe ìparí gbólóhùn. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ rèé lórí Wikipedia tiwa: ìwé kan ṣoṣo, tó sọ ọjọ́ ìbí nìkan, ni wọ́n á gbé sí ìparí ìpínrọ̀ tó sọ ilé-ẹ̀kọ́, ìyàwó, oyè àti iṣẹ́ èèyàn náà, òǹkàwé á sì rò pé ìwé yẹn ló jẹ́rìí gbogbo rẹ̀. Ìkẹrin, "èèyàn jàǹkàn-jàǹkàn", ìyìn ni. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi orúkọ rọ́pò rẹ̀. Herbert Macaulay, tó jẹ́ ọmọ ọ̀gá àkọ́kọ́ yẹn, kàwé níbẹ̀. Bí ẹ bá kọ èyí pẹ̀lú ìwé tó sọ ọ́, òǹkàwé á rí iyì ilé-ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀.

Ohun kan tún kù nípa líǹkì. Àwọn ìwé ìròyìn wa máa ń tún wẹ́bùsáìtì wọn ṣe, líǹkì àtijọ́ á sì kú. Ọjọ́ tí ẹ bá lo líǹkì kan, ẹ gbé e lọ sí web.archive.org kí wọ́n tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹ sì fi líǹkì ẹ̀dà náà sí ẹ̀gbẹ́ ti àkọ́kọ́. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ kà á. Bí ẹ̀rọ bá bá yín kún àlàyé líǹkì fúnra rẹ̀, ẹ tún un yẹ̀ wò, torí ó máa ń ṣi orúkọ akọ̀ròyìn àti ọjọ́ mú.

Nígbà tí ìtàn kò bá bára mu

Kò sí ibi tí èyí ti le tó ìtàn Ìsàlẹ̀ Èkó. Ẹ mú Aṣípa, ẹni tí ìdílé ọba Èkó ti ṣẹ̀. Nínú ìtàn tí ọ̀pọ̀ ará Èkó ń sọ, Àwórì láti Ìṣẹri ni. Nínú ìtàn ti Bìní, ọmọ Bìní ni, láàfin ni wọ́n ti rán an wá. Ọ̀rọ̀ yìí ń mú èèyàn gbóná, títí di òní.

Iṣẹ́ yín kọ́ ni láti dájọ́. Ẹ kọ méjèèjì, ẹ sọ ẹni tó sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ìwé tirẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀. "Àwọn kan sọ pé" kò tó. Àwọn wo, nínú ìwé wo? Bí àwọn òpìtàn tó pọ̀ bá fara mọ́ ọ̀kan ju èkejì lọ, tí ìwé sì sọ bẹ́ẹ̀, ẹ lè kọ ìyẹn náà. Bí ẹ bá jẹ́ ọmọ ìdílé tí ọ̀rọ̀ náà kàn, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, kí ẹ kàn kọ àbá yín sí ojú-ewé ìjíròrò rẹ̀. Àwọn ẹjọ́ ilẹ̀ àti ẹjọ́ oyè tó ṣì wà ní kóòtù, ẹ̀rù wọn ń bà mí fún akọ́ṣẹ́. Ẹ jìnnà sí wọn ní ọdún àkọ́kọ́ yín.

Àwòrán

Ní àdúgbò Pópó Àgùdà, àwọn ilé tí àwọn tó padà dé láti Brazil kọ́ ṣì ku díẹ̀. Ilojo Bar, ní Tinúbú, ti wà lára irú ilé bẹ́ẹ̀ rí. Ìjọba sọ ọ́ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní ọdún 1956, síbẹ̀ wọ́n wó o palẹ̀ ní oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ ọdún 2016. Lónìí, ẹni tó bá fẹ́ mọ bó ṣe rí, àfi kó wá àwòrán tí ẹnì kan yà kó tó di ọjọ́ yẹn. Nítorí náà, bí ẹ bá ní fóònù tó ń ya àwòrán dáadáa, tí ẹ sì ń gba Campos tàbí òpópónà Bámgbóṣé kọjá, iṣẹ́ ti wà lọ́wọ́ yín.

Orí Wikimedia Commons ni ẹ máa gbé àwòrán sí. Àwòrán tí ẹ yà fúnra yín nìkan ni o. Èyí tí ẹ rí lórí Google tàbí Facebook ní ẹni tó ni ín, wọ́n á sì yọ ọ́. Àṣẹ tí wọ́n máa bi yín pé ṣé ẹ fara mọ́, CC BY-SA 4.0, túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni lè lo àwòrán náà, kódà fún òwò, bó bá ti dárúkọ yín, tó sì fi àṣẹ kan náà sí ohun tó bá fi ṣe. Ẹ kò ní lè gbà á padà lẹ́yìn náà, ẹ ronú kí ẹ tó tẹ ẹ́. Ẹ fún fáìlì ní orúkọ tó sọ ibi tí ó wà àti ọdún tí ẹ yà á, kì í ṣe IMG àti nọ́ńbà. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ onílé àti lọ́wọ́ ẹni tí ojú rẹ̀ bá hàn. Ẹ yàgò fún bárékè àti ọ́fíìsì àwọn agbófinró.

Bí wọ́n bá yọ iṣẹ́ yín

Á ṣẹlẹ̀. Kò sí ẹni tí kì í ṣẹlẹ̀ sí. Ẹ ṣí ìtàn ojú-ewé náà; ó dà bíi káàdì alájọ, gbogbo ohun tó wọlé àti ohun tó jáde ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ. Kò sí ohun tó ṣòfò nínú iṣẹ́ yín, ẹ̀dà rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ ka ìdí tí ẹni náà kọ. Bó bá ní kò sí ẹ̀rí, ẹ lọ wá ẹ̀rí kí ẹ sì dá a padà. Bí ìdí kò bá yé yín, ẹ kọ̀wé sí i lójú-ewé ìjíròrò. Ẹ kò mọ̀ bóyá ọmọ ogún ọdún ni tàbí àgbà tó ti lé ní àádọ́rin, nítorí náà "ẹ" ni kí ẹ máa lò:

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rí i pé ẹ yọ gbólóhùn tí mo fi kún ojú-ewé yìí. Mo ti kọ orúkọ ìwé tí mo lò àti ojú-ewé tó wà nínú rẹ̀ sísàlẹ̀ níbí. Ṣé ìwé náà ni kò tẹ́ yín lọ́rùn, àbí bí mo ṣe kọ ọ́? ~~~~"

Ẹ wá dúró. Àwọn tó ń ṣe é náà ní iṣẹ́ òòjọ́ tiwọn, nítorí náà èsì lè gba ọjọ́ mélòó kan. Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí ẹ máa dá a padà, kí ó máa yọ ọ́, kí ẹ tún dá a padà. Lórí Wikipedia Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá dá iṣẹ́ ẹlòmíràn padà ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ láàárín wákàtí 24 lórí ojú-ewé kan, wọ́n lè dí i. Èrò tèmi ni pé ẹ̀ẹ̀kan ti tó, kí ẹ lọ sọ̀rọ̀.

Ojú-ewé tuntun

Ẹ ti ṣe àtúnṣe kékeré bíi mélòó kan, ẹ ti mọ bí a ṣe ń fi ẹ̀rí sí i; ó ti yá. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé ṣé àwọn tí kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú ẹni náà tàbí ibẹ̀ ti kọ̀wé nípa rẹ̀ dáadáa, ó kéré tán níbi méjì tàbí mẹ́ta? Bí kò bá sí, ẹ fi í sílẹ̀, ì báà ṣe òun ló gbajúmọ̀ jù ládùúgbò yín. Àwọn ọjà àtijọ́, ilé-ẹ̀kọ́, afárá, ilé ìjọsìn bíi Mọ́sáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894, àti àwọn obìnrin tó ti ṣiṣẹ́ fún ìlú, ibẹ̀ ni kí ẹ wò.

Ẹ má kọ nípa ara yín, ọ̀gá yín, pásítọ̀ tàbí ààfáà yín, tàbí olórin tó jẹ́ ọ̀rẹ́ yín. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ sanwó fún yín láti ṣe ojú-ewé fún òun, òfin lílo Wikipedia ní kí ẹ kéde ẹni tó ń sanwó ní gbangba. Ní ìlú tí promo pọ̀ sí báyìí, ẹ máa gbọ́ irú ìpè bẹ́ẹ̀ ṣáá. Fún akọ́ṣẹ́, ìdáhùn mi ni rárá. Ẹni tó bá wà láàyè, ẹ má kọ ọ̀rọ̀ tó lè bà á lórúkọ jẹ́ láìsí ẹ̀rí tó dúró gírígírí, kódà fún ìṣẹ́jú kan.

Bí ẹ bá ń túmọ̀ láti Gẹ̀ẹ́sì, ẹ kọ ọ́ sínú àpótí àlàyé pé láti ojú-ewé wo lẹ ti mú un, torí iṣẹ́ àwọn tó kọ ọ́ ni. Ẹ lè jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣe ìtumọ̀ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ẹ má tẹ̀ ẹ́ jáde bó ṣe wà. Ẹ kà á sókè sí ẹnì kan létí nílé. Gbólóhùn tó bá mú kí ó ní "kí lo wí?", ẹ tú u palẹ̀ kí ẹ sọ ọ́ bí ẹ ṣe máa sọ ọ́ fún un lójúkojú. Ojú-ewé kékeré tí Yorùbá rẹ̀ dùn kà sàn ju gígùn tí ẹnikẹ́ni kò lè kà parí lọ, àwọn ọmọ wa sì ń kọ́ èdè nínú ohun tí a bá fi síbẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá parí rẹ̀, ẹ fi [[Ẹ̀ka:Èkó]] tàbí ẹ̀ka tó bá bá a mu sí ìsàlẹ̀, ẹ so ó mọ́ èdè yòókù, kí ẹ sì lọ fi líǹkì rẹ̀ sínú ojú-ewé mìíràn tó dárúkọ rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹnì kan bá yín kà á, Yoruba Wikimedians User Group àti Wikimedia User Group Nigeria ni àwọn ẹgbẹ́ tí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ń kóra jọ sí. Wọ́n máa ń pe ìpàdé, àkọ́bẹ̀rẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú àwọn tó ń wá. Ẹ tẹ àmì ìràwọ̀ tó wà lókè ojú-ewé náà kí ó lè wọ inú àwọn tí ẹ̀ ń ṣọ́, ìgbàkígbà tí ẹlòmíràn bá fi nǹkan kún un tàbí tó yọ nǹkan nínú rẹ̀, ẹ ó máa rí i.